Owó Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Owó Omi: Ọ̀rọ̀ Lórí Iye Tí Ó Tọ́ Kí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Máa Gbà Lórí Àwòrán

(Àsọyé tí a ṣe níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ wa ní Igbókòdá)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé wa lọ́wọ́ lè dàbí ohun kékeré létí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èló ni ó tọ́ kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí àwọn kan ń pè ní mùsíọ́mù, máa gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n fi àwòrán ohun kan tí ó wà ní ìpamọ́ wọn ránṣẹ́ sí òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ogún ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ ìrántí ìlú tí òkun ń gbé lọ lójú wa sì ni pẹ̀lú.

Ẹ mọ̀ pé Ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti kó àwọn fọ́tò àtijọ́, àwọn ìwé àti àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé etí òkun Ìlàjẹ jọ sí ojú kan, kí a ya àwòrán wọn sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà lè rí i gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó dé, ohùn wa pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; àwọn mìíràn ní kí a gbà á gan-an, pàápàá lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó, nítorí pé àwọn náà ń gbà á lọ́wọ́ wa. A bọ̀wọ̀ fún ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n a kò rò pé ọ̀kankan nínú wọn ti débi ọ̀rọ̀.

Gbogbo wa ni a ti wọ ọkọ̀ ní èbúté Igbókòdá rí. Ẹni tí ó ń lọ sí Ayétòrò, tàbí sí Ugbónlá, tàbí sí ìlú mìíràn ní etí òkun, á san owó ọkọ̀. Kí ni ọlọ́kọ̀ gba owó náà fún? Ó gbà á fún epo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu, fún pákó ọkọ̀ rẹ̀ tí ó ń gbó, fún agbára apá rẹ̀, àti fún ojú rẹ̀ tí ó mọ ibi tí omi gbé jìn àti ibi tí iyanrìn gbé ga. Kò gbà á fún omi, nítorí omi kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá dìde lọ́la tí ó ní kí olúkúlùkù wa san owó omi mọ́ owó ọkọ̀, a ó bi í léèrè ìgbà tí ó gbẹ́ òkun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwòrán rí. Owó iṣẹ́ tọ́. Owó ogún kò tọ́. Èyí ni gbogbo ohun tí a wá sọ. Ìyókù jẹ́ àlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo owó iṣẹ́, kí a má baà rẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ. Àwòrán tí a ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn fi fóònù yà ní ìdúró. A ó gbé ohun náà jáde níbi ìpamọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀sọ̀. A ó to iná sí i lọ́tùn-ún lósì kí òjìji má baà bò ó. A ó ya á pẹ̀lú kámẹ́rà tí ó dára. A ó yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò bóyá ó bá ti ojú mu. Lẹ́yìn náà a ó kọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ó ti wá, ẹni tí ó ṣe é bí a bá mọ̀ ọ́n, àti ọdún tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. A ó tún pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ sí ibi méjì tàbí mẹ́ta tí ó jìnnà síra wọn, kí iná tàbí omi má baà gbé gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní etí òkun tiwa níhìn-ín, iṣẹ́ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń jẹ irin, ọ̀rinrin ń mú kí fọ́tò lẹ̀ mọ́ ara wọn, a kò sì lè gbójú lé iná mànàmáná láìra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a ṣe gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé títí láé, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó fẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan tí ó ya ọkọ̀ àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ onípákó. Ìgbà kan ṣoṣo ni a ń ṣe iṣẹ́ tí ó wúwo náà. Nígbà tí a bá ti ya àwòrán tán tí a sì ti kọ orúkọ sí i, ẹni kejì tí ó bá béèrè rẹ̀, àti ẹni ọgọ́rùn-ún, kò ná wa ní ohun púpọ̀ mọ́: a ó wá a rí, a ó sì fi ránṣẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó bá ń gba owó iṣẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní lọ́wọ́ ẹni ọgọ́rùn-ún ti kúrò ní ẹni tí ń gba owó ọkọ̀. Owó omi ni ó ń gbà.

Ẹ̀wẹ̀, owó kejì wà tí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun ń gbà, èyí tí a lè pè ní owó àṣẹ. Wọn a ní nítorí pé ohun náà wà lọ́wọ́ àwọn, àwòrán rẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn. Yorùbá ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò lágbára àfi bí a bá kọ́kọ́ fi hàn pé ẹrú náà jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Òfin pàápàá kò fara mọ́ wọn pátápátá. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ kan ní New York, nínú ẹjọ́ Bridgeman àti Corel, dájọ́ pé fọ́tò tí kò ṣe ju kí ó da àwòrán àtijọ́ kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí kò fún ẹni tí ó yà á ní ẹ̀tọ́ tuntun kankan. Ní ọdún 2019, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ohun tí ó jọ èyí sínú òfin wọn. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ THJ àti Sheridan, tí kò tilẹ̀ dá lórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pé iṣẹ́ tí òfin yóò dáàbò bò gbọ́dọ̀ gbé àmì ọgbọ́n ẹni tí ó ṣe é. A kò gbọdọ̀ fi èyí yangàn jù, nítorí ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé àti fọ́tò àtijọ́ ni ìdájọ́ náà bá mu jù lọ. Ẹni tí ó ya ère yan ibi tí ó dúró àti ibi tí iná ti wá. Òfin lè ka ìyẹn sí ọgbọ́n tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ya fọ́tò kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ère.

Ǹjẹ́ owó àṣẹ yìí tilẹ̀ ń mú èrè wá fún àwọn tí ń gbà á? Ní ọdún 2004, Simon Tanner, ọ̀mọ̀wé kan ní King's College ní London, wádìí ọ̀rọ̀ náà láàrin àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Amẹ́ríkà. Ohun tí ó rí ni pé kò sí èyí tí ó lè sọ pé èrè gidi kan ń wọlé fún òun nígbà tí a bá ka gbogbo ìnáwó iṣẹ́ náà mọ́ ọn. Wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, owó tí wọ́n sì ń rí níbẹ̀ kò tó owó tí wọ́n ń ná láti gbà á.

Bóyá nítorí èyí ni àwọn ilé ńlá kan fi yí padà. Rijksmuseum ní ìlú Amsterdam ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì fi àwòrán 125,000 sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mú. Metropolitan Museum ti New York tẹ̀ lé e ní ọdún 2017 pẹ̀lú 375,000. Ní ọdún 2020, Smithsonian ti Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù 2.8 sílẹ̀. Ní ọdún 2020 kan náà, British Museum fi àwòrán bíi mílíọ̀nù 1.9 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe òwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò gbọ́dọ̀ lọ gba àṣẹ lọ́tọ̀, owó sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan tí gbogbo wa mọ̀ wo bí ìlànà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1938, níbi tí a ti ń wa ilẹ̀ láti kọ́ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a rí àwọn orí idẹ tí ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn dé British Museum ní ọdún 1939, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Olùkọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ lè mú àwòrán orí náà kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, a sì dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀wé tí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí ó ń tà, kódà bí ọmọ ilé ìwé ni yóò kà á, ti di oníṣòwò lójú òfin náà, bí ẹni tí ó ń ta ọtí tí ó fẹ́ lẹ orí náà mọ́ ara ìgò. Òṣùwọ̀n tí ó bá ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan náà kò pé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa lára. Ní kọ́lẹ́jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, a fẹ́ ṣe ìwé ìtàn kékeré kan fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ìpamọ́ kan ní òkè òkun béèrè iye owó kan lórí àwòrán kan ṣoṣo, owó náà sì ju ohun tí a lè pín sórí gbogbo ìwé náà kí òbí tó lè rà á. A kọ̀wé padà, a ṣàlàyé. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bí òfin àwọn ti rí nìyẹn. Níkẹyìn, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan fi pẹ́ńsù ya ohun náà láti inú àwòrán kékeré tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ onílé máa yọjú wo ogún bàbá rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ọ̀nà àwọn ará Bìní kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ mọ̀ bí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ọlọ́lá lọ ní ààfin Ọba ní oṣù kejì ọdún 1897, tí wọ́n sì fọ́n wọn káàkiri. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni a ṣí ibi kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní Digital Benin, níbi tí a ti kó àwòrán àti ìtàn ohun tí ó ju 5,000 lọ jọ láti ilé ìpamọ́ 131 ní orílẹ̀-èdè 20, tí a sì fi èdè Ẹ̀dó pè wọ́n ní orúkọ wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tí ó bá wò ó kò san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ ilé tí ó fi í sílẹ̀. Ọmọ Bìní tí ó bá fẹ́ èyí tí ó tóbi, tí a lè tẹ̀ sínú ìwé, yóò padà lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú òfin tirẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a sáà ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, Felwine Sarr àti Bénédicte Savoy kọ ìròyìn fún ìjọba Faransé lórí dídá àwọn ohun ilẹ̀ Áfríkà padà, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí a ṣí àwòrán wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2019, Mathilde Pavis àti Andrea Wallace, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fọwọ́ sí ìwé wọn, dáhùn pé àwọn tí ó ni ohun náà ni ó yẹ kí ó pinnu bóyá a ó ya àwòrán rẹ̀ rárá, àti bóyá gbogbo ojú ni yóò rí i. A gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yin ìjòyè mọ̀ ju wa lọ pé ohun kan wà tí ọmọdé kì í wò, òmíràn wà tí àlejò kì í wò. Kò sí iye owó tí ó lè ra ìyẹn. Kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ pé kò gba owó sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí etí òkun wa. Ní ọdún 1885 ni àwọn ará Jámánì bá Amapetu ti Màhín ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ yìí, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọdún kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn náà dájú yóò wá ìwé rẹ̀ kiri ní ilẹ̀ Jámánì àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá wà ní Yunifásítì Birmingham. Ṣùgbọ́n Ayétòrò ni ó dùn wá jù. Ní ọdún 1947 ni a tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn ènìyàn rẹ̀ jùmọ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n jùmọ̀ ní ohun gbogbo, wọ́n kọ́ ilé lórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe òpópónà, wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, àlejò sì ti òkèèrè wá wò wọ́n pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́. Lónìí òkun ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ: ilé ti lọ, ilé ìwé ti lọ, ọ̀nà onípákó ti lọ. Ọmọ tí a bí níbẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí bàbá rẹ̀ àgbà gbé kọ́lé. Inú àwòrán nìkan ni ó ti lè rí i. Bí àwòrán náà bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní kí ó san owó kí ó tó lè rí àdúgbò rẹ̀, òkun ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ọjà tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà ni a fi mú ìmọ̀ràn mẹ́fà wá fún Ẹgbẹ́ yìí, kí a kọ́kọ́ fi í ṣe òfin ara wa kí a tó fi í bá ẹlòmíràn wí; nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Èkínní: kí owó tí a ó máa gbà jẹ́ owó iṣẹ́, kí a sì kọ ọ́ sára ògiri àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí olúkúlùkù mọ ohun tí ó ń san owó fún, kí ó má baà jẹ́ pé ojú ni a ń wò kí a tó dá iye.

Èkejì: àwòrán tí a ti yà tẹ́lẹ̀, kí a má gba owó yíyà lórí rẹ̀ mọ́. Kí a gba owó ìfiránṣẹ́ tí ó kéré, tàbí kí a má gba nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta: ẹbí tí ó ni fọ́tò, ìlú tí ohun náà ti wá, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹni tí ń kọ ìtàn láìṣe òwò, kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó tóbi tó láti tẹ̀ sínú ìwé, kì í ṣe èyí tí kò ju èékánná lọ tí a fi òǹtẹ̀ bò mọ́lẹ̀. A kò yọ àwọn Òyìnbó kúrò nínú èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti òkè òkun wá kọ ìtàn wa, iṣẹ́ wa ni ó ń bá wa ṣe. Ìlò ni kí a wọ̀n, kì í ṣe àwọ̀ ara.

Ẹ̀kẹrin: oníṣòwò ni kí ó san án. Ẹni tí ó ń ṣe kàlẹ́ńdà, ẹni tí ó ń tẹ ànkárá, ẹni tí ó ń ṣe fíìmù tàbí ìpolówó ọjà, kí ó san gẹ́gẹ́ bí iye ẹ̀dà tí yóò tà. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀wé kékeré tí ń tẹ ìwé fún ilé ìwé, kí a fi í sí ẹ̀gbẹ́ olùkọ́, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ọlọ́tí.

Ẹ̀karùn-ún: owó tí ó bá ti ọwọ́ oníṣòwò wọlé, kí a pín in bí àwọn apẹja wa ti ń pín ẹja. Ọkọ̀ ní ìpín tirẹ̀, àwọ̀n ní ìpín tirẹ̀, àwọn tí ó fa àwọ̀n ní tiwọn. Kí ìdá kan jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́, kí ìdá kan jẹ́ ti ìtọ́jú ìpamọ́, kí ìdá kẹta padà sí ìlú tàbí ẹbí tí ohun náà ti wá.

Ẹ̀kẹfà: kí àwọn àgbà ìlú yẹ àkójọ náà wò kí a tó ṣí i sílẹ̀, ohun tí wọ́n bá ní kí a má fi hàn, kí a pa á mọ́. Èyí tí a bá sì fi hàn, kí orúkọ ìlú rẹ̀ àti ti ẹni tí ó ṣe é wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a fún lọ́fẹ̀ẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ gbèsè yìí: orúkọ ni yóò san.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé, ǹjẹ́ owó àwọn oníṣòwò díẹ̀ yóò tó láti ra epo? Kò ní í tó. Àwọn ilé ńlá Amẹ́ríkà pàápàá kò rí i pé ó tó, gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Ẹni tí ó bá ń retí pé àwòrán yóò bọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń retí pé kí ewúrẹ́ fa ọkọ̀. Owó ìtọ́jú gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ìlú wá, láti ọwọ́ ìjọba, láti ọwọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ wa, àti láti inú owó Ẹgbẹ́ tí àwa tí a jókòó yìí ń dá lóṣooṣù. Bí a bá kọ̀ láti dá a, kí a má tan ara wa pé ọmọ ilé ìwé ni yóò dá a fún wa.

Nígbà tí a bá ti fi òfin yìí de ara wa, ẹnu wa á gbà á láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ẹlòmíràn. A bẹ ẹ̀yin ọba wa kí ẹ kọ̀wé ní orúkọ ìlú yín sí àwọn ilé ìpamọ́ òkè òkun, àti sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àkóso àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa láti ọdún 1979, kí wọ́n fún ọmọ etí òkun ní àwòrán ohun etí òkun láìgba owó omi. Kí ìwé náà má jẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ìwé ìbínú. Kí ó ní òṣùwọ̀n tiwa nínú, kí wọ́n rí i pé ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni a ti kọ́kọ́ ṣe nílé.

Àti ẹ̀yin tí fọ́tò àtijọ́ wà nínú àpótí yín, fọ́tò ìgbéyàwó, ti ìfijoyè, ti ilé tí kò sí mọ́, ẹ gbé wọn wá kí ọ̀rinrin tó jẹ wọ́n tán. A ó ya ẹ̀dà wọn, a ó sì dá ti yín padà fún yín lọ́jọ́ náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Òkun kò dúró de ìpàdé wa.